Lẹ́tà tí ọlọ́pàá obìnrin ń kọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ

Nígbà ìdána ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn ẹbí ọkọ ló kọ lẹ́tà ìtọrọ wá, tí ọmọbìnrin kan nínú ilé wa sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo àwùjọ, kí bàbá wa tó dáhùn pé àwọn ti gbà. Ìdílé ọkùnrin ní í tọrọ, ìdílé obìnrin ní í fúnni. Nítorí náà ni ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ọdún 1968 ṣe yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìlànà 124 sọ pé ọlọ́pàá obìnrin tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá láti gba àyè, kí ó sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ sínú rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ oníwà rere, tí obìnrin náà sì ti lo ọdún 3, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò gbà fún un. Kọmíṣọ́nnà tí kò bá a tan rárá ló wá jókòó sí ipò bàbá ìyàwó, nígbà tí ọlọ́pàá ọkùnrin ń gbéyàwó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé ìlànà yìí, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò bá a lọ. Ìlànà 127 pàṣẹ pé kí wọ́n lé ọlọ́pàá obìnrin tí kò tíì lọ́kọ tó bá lóyún kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì lè padà àfi bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fọwọ́ sí i. Ohun tí ìlànà yìí ṣe nìyẹn fún ọlọ́pàá obìnrin kan tí ipò rẹ̀ jẹ́ kọ̀pùrà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ náà dun ìjọba Èkìtì débi pé àwọn fúnra wọn gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò náà sì pẹjọ́ tiwọn. Ilé ẹjọ́ ní Àbújá da ẹjọ́ àwọn agbẹjọ́rò nù ní ọdún 2022. Ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́, ní Àkúrẹ́, tó wá dájọ́ pé ìyàsọ́tọ̀ ni ìlànà náà, tó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún obìnrin náà.

Àwọn tó ń gbèjà ìlànà yìí máa ń sọ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kò gba aláboyún. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń rò ni, mo lè fara mọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí olóyún máa lé adigunjalè. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà fún ọlọ́pàá obìnrin tó ti lọ́kọ ní ìsinmi ìbímọ. Ṣé oyún adélébọ̀ fúyẹ́ ju ti ọ̀dọ́mọbìnrin lọ ni? Kì í ṣe iṣẹ́ ni ìlànà náà ń dáàbò bò. Ìwà obìnrin ni ó fi ara rẹ̀ ṣe olùṣọ́ lé lórí.

Bákan náà ló rí nínú ohun tí ìwé ìlànà náà ní kí àwọn ọlọ́pàá obìnrin máa ṣe: yíyẹ ara àwọn obìnrin wò, gbígba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, mímú ọmọ iléèwé sọdá títì, àti iṣẹ́ ọ́fíìsì láti fi dín ẹrù àwọn ọkùnrin kù. Ó yọ wọ́n kúrò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ìbọn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni Tolulope Arotile, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikópítà ogun fún àwọn ológun òfurufú Nàìjíríà, kí ó tó kú ní oṣù Keje ọdún 2020, ní ẹni ọdún 24.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ti tó gba fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá báyìí, ó sì fẹ́ ẹ gan-an. Mo ka Ìlànà 127 sí i létí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, bí ẹni tó fún un lóyún bá jẹ́ ọlọ́pàá ńkọ́?” Mo tún ojú ìwé náà kà látòkè délẹ̀. Wọn kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.