Ọ̀rọ̀ Ogún Nígbà Ìsinmi Kérésìmesì: Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé?

Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí ara wọn pé jọ àfi nígbà Kérésìmesì. Èyí tó wà ní Manchester á wá, oníṣẹ́ alẹ́ á gba ìsinmi, màmá lè ti Nàìjíríà wá wo ọmọ-ọmọ. Kò sí àkókò tó dára jùyẹn lọ láti sọ̀rọ̀ ogún, torí bí ọlọ́jọ́ bá dé tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nílẹ̀, orí WhatsApp ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sìnkú.

Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an. Àlejò á pọ̀ jù. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló dára. Kí ọmọ tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kọ́kọ́ bá bàbá tàbí ìyá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dádì, báwo lẹ ṣe fẹ́ pín nǹkan yín?", èsì tí yóò gbọ́ ni "Ṣé o ti ń retí ikú mi ni?" Tirẹ̀ ni kó mú ṣíwájú: "Dádì, mo ń ṣe ìwé ìhágún (will) mi nítorí àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìwé ilé wa wà?" Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú.

Ẹ má pín ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni nǹkan ló ni ìpinnu ta ni yóò gbà á. Ẹ kàn wádìí ohun tó wà, orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀, àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà. Níbi orúkọ yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi owó ránṣẹ́ sílé kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá wọn ra ilẹ̀. Ẹ gbé rìsíìtì náà jáde, kí ẹ wò ó fínnífínní: ta ni wọ́n kọ pé ó sanwó, pílọ́ọ̀tì mélòó ni, ta ló fọwọ́ sí i nínú ẹbí tó tà á? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ olóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilẹ̀ bàbá wọn ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa kà á sí. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà láàyè ló rọrùn láti tún un ṣe: kí lọ́yà kọ ìwé tó gbé ilẹ̀ náà sí orúkọ yín, kí orúkọ yín wà lórí ìwé survey, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè.

Ilé ẹbí yàtọ̀. Ilé tí bàbá bàbá yín fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún, ti gbogbo ọmọ rẹ̀ ni, Dáódù sì ni olórí rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ fi pọ́n-ùn yín kan gbogbo òrùlé rẹ̀, ẹ ò lè fi í jogún fún ọmọ yín.

Orúkọ tí ẹ kọ sí ibi "next of kin" ní báńkì Nàìjíríà ò sọ ẹni náà di àrólé. Ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé, tí Probate Registry ilé ẹjọ́ gíga ń fúnni, ni báńkì máa béèrè. Aṣojú tí ẹ fún ní Power of Attorney láti bójú tó ilé yín náà ń pàdánù àṣẹ yẹn bí ẹ bá ti kú.

Ní England àti Wales, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún. Ewu Kérésìmesì rèé: ilé kún, àbúrò àti ọkọ rẹ̀ wà nítòsí, ẹ bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìwé náà á dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fún àbúrò yẹn nínú rẹ̀ ti dànù, nítorí òfin ò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí jẹ nínú rẹ̀. Aládùúgbò méjì ni kí ẹ pè.

Ìgbéyàwó tuntun máa ń fagi lé ìwé ìhágún àtijọ́ níbẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: ìdána tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn ní London, láìsí ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin. Bí ọkọ bá kú láìkọ ìwé, tó ní aya àti ọmọ, aya tí òfin mọ̀ á gba àwọn ẹrù tó ń lò, pẹ̀lú £322,000 àkọ́kọ́ àti ìdajì ìyókù. Àwọn ọmọ á pín ìdajì kejì. Aya ìdána nìkan ò sí nínú ìpín yìí rárá.

Bí ẹ bá kọ ìwé méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún Nàìjíríà, ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lọ́yà máa ń fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀, pé ìwé yìí fagi lé gbogbo èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan lè pa ìwé ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún lọ́yà kejì pé ìwé mìíràn wà, kó kọ ọ́ pé dúkìá orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni tirẹ̀ kàn.

Ní ti owó orí ogún ní UK (Inheritance Tax), ohun tó bá lé ní £325,000 ni ìjọba ń gba ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Bí ilé bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ó lè fi £175,000 kún iye tí wọn ò ní fọwọ́ kàn. Ohun tó bá lọ sọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti April 6, 2025, ẹni tó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún 10 nínú 20 tó kẹ́yìn, ilé rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn náà wọ inú ìṣirò. Owó náà sì gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù ikú tó parí, nígbà tí báńkì lè má tíì tú owó olóògbé sílẹ̀. Ẹ bá ara yín sọ ibi tí wọ́n ti máa rí i san.

Kí ẹ tó túká, kí ẹnì kan kọ ohun tí ẹ rí sí ojú ewé kan: dúkìá, orúkọ, ibi tí ìwé wà, nọ́ńbà lọ́yà. Kó má kọ PIN báńkì sí i. Ojúlówó ìwé ìhágún ni kí ẹ tọ́jú jù. Ẹ má yọ píìnì tó so ojú ewé rẹ̀ pọ̀ láti ṣe ẹ̀dà, nítorí bí ihò píìnì bá hàn lórí rẹ̀, wọ́n lè béèrè bóyá ẹnì kan ti yọ ojú ewé kan kúrò níbẹ̀.