Ohun tí títo fáìlì object kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kábà, Mọ́pà, Ìṣánlú àti àyíká wọn, mo kí yín o.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ètò tó ń ṣírò owó kajú fún àwọn oníṣòwò kan ní Kábà, mo kó iwe.o àti asise.o (fáìlì object, ìyẹn èyí tí compiler ti yí kóòdù mi padà sí èdè ẹ̀rọ) sínú libiwe.a, mo sì fi owo.o sínú libowo.a. Láíbìrérì, ìyẹn àkójọ fáìlì object, ni libiwe.a àti libowo.a. Compiler kò rí àléébù kankan, àmọ́ nígbà tí linker, ètò tó ń so àwọn fáìlì object pọ̀ di ètò kan, fẹ́ so wọ́n pọ̀, ó ní òun kò rí orúkọ kan (bíi ti function) tó wà nínú asise.o, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé mo ti kọ ọ́. Àṣẹ mi ni cc main.o -L. -liwe -lowo, níbi tí -liwe dúró fún libiwe.a. Mo tún -liwe kọ sí ìparí àṣẹ náà, ó gbà, n kò sì wádìí mọ́. Ó dùn mí títí dòní pé n kò wádìí.

Linker ti GNU a máa ka àṣẹ láti òsì sí ọ̀tún, a sì máa rántí àwọn orúkọ tí wọ́n ti pè tí kò tíì rí. Bó bá dé orí láíbìrérì, fáìlì tó ní orúkọ tó ń wá nìkan ni yóò mú. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè, yóò fi í sílẹ̀, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Iwe.o ló ń pe owo.o, owo.o ló sì ń pe asise.o, ṣùgbọ́n kí linker tó dé ọ̀dọ̀ owo.o, ó ti kọjá libiwe.a.

Láyé àtijọ́, inú láíbìrérì kan ṣoṣo pàápàá ni ìnira yìí wà. Nínú Unix (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà) ẹ̀dà keje, tó jáde ní 1979, ètò kan tó ń jẹ́ lorder a máa sọ fáìlì tó nílò òmíràn ní méjìméjì, tsort a sì to gbogbo wọn kí ẹni tó ń pè lè ṣíwájú ẹni tí wọ́n ń pè, kí linker lè ka láíbìrérì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Atọ́ka orúkọ tí ètò ranlib ń kọ sínú láíbìrérì ló mú wàhálà yẹn kúrò. Lónìí, ar ti GNU, ètò tó ń kó fáìlì sínú láíbìrérì, ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Láàárín láíbìrérì kan sí èkejì, ìtò kò tíì di ohun àfojúfò.

Nígbà tí mo wá fi nm, ètò tó ń fi orúkọ inú fáìlì object hàn, wo ẹni tó nílò ẹni, tí mo kọ orúkọ àwọn láíbìrérì náà ní méjìméjì fún tsort, ó ní wọ́n ń yí po, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò èkejì. Mo kọ orúkọ àwọn fáìlì object dípò wọn, ó sì tò wọ́n láìjanpata: main.o, iwe.o, owo.o, asise.o. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sí ìyípo nínú iṣẹ́ náà rárá. Bí mo ṣe kó àwọn fáìlì pọ̀ ló dá a sílẹ̀. --start-group, àṣẹ tó ń mú kí linker tún àwọn láíbìrérì kan kà léraléra, wà fún ìyípo tí a kò lè tú, ṣùgbọ́n èyí ṣeé tú. Mo yọ asise.o sínú láíbìrérì tirẹ̀, mo sì dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré:

cc main.o -L. -liwe -lowo -lasise