Ìyá Àgbà Ti Kó Lọ Sọ́dọ̀ Aládùúgbò

Ẹni tó bá tún ní kí n wá bá òun kan ìṣó, ọ̀tá mi ni. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìyá Tọ́lá ṣì ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì, àkàrà ń jóná, kò kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí ògiri pálọ̀ wa dùn ún wò lọ. Ẹrù tí mo fẹ́ kó sí i wà nílẹ̀: fìlà abetí-ajá Bàbá Àgbà, kóbọ̀ kan tí wọ́n fi pamọ́ lọ́dún 1973 tí náírà gbapò pọ́n-ùn, fọ́tò bàbá àti ìyá mi níwájú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, kó tó di pé iná jó ilé náà lọ́dún 1985. Fọ́tò yẹn! Ẹni tó yà á fẹ́ kí Ilé Kòkó wọlé láti ìsàlẹ̀ dé téńté. Ilé Kòkó sì wọlé lóòótọ́, àwọn òbí mi ló kù díẹ̀ kí wọ́n má wọlé. Nǹkan dúdú méjì lẹ óò rí nísàlẹ̀. Èwo ni Bàbá, èwo ni Màmá? Màmá nìkan ló mọ̀, wọ́n ní àwọn dá báàgì àwọn mọ̀.

Ọba gbogbo wọn wá ni aago Ìyá Àgbà. Ẹ mọ aago ìsìnkú, èyí tí wọ́n máa ń ya ojú olóògbé sí, tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó. Ẹni tó bá wa ṣe é, nínú gbogbo ojú Ìyá Àgbà, kò ríbi lu ihò ọwọ́ aago sí àfi ọ̀gangan imú. Tí aago méjìlá bá lù, Ìyá Àgbà á hùwo níwájú orí. Tó bá wá di aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irunmú ti yọ nìyẹn, ó tẹ́ rẹrẹ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kan pélé tọ̀tún tòsì. Ọwọ́ pupa tó ń sáré yẹn náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ojú wọn ló ń gbá kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò tó wò lójú nígbà tí wọ́n wà láyé!

"Ẹ pe kápẹ́ńtà," Ìyá Tọ́lá wí.

Kápẹ́ńtà? Nítorí ìṣó? Èmi ọkùnrin! Mo yá òòlù, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ògiri ọwọ́ òsì ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Ìṣó àkọ́kọ́ ká kò. Èkejì fò, n ò tíì rí i di òní, bàtà ni mo fi ń rìn nínú pálọ̀ ara mi. Lẹ́yìn náà ló wá kan àtàǹpàkò mi. Igbe tí mo ké, àwọn ọmọ tó wà níta rò pé iná ti dé, àwọn náà bá mi hó "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"

Mo yí sí ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin èèyàn mi, wẹ́rẹ́ ni ìṣó wọlé, bí ìgbà téèyàn ki ọ̀bẹ bọ mọ́ínmọ́ín. Mo ṣíjú wo Ìyá Tọ́lá. "Ṣé o rí i? Ọwọ́ ló ń ṣe é." Mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ti ayọ̀ nìyẹn. Mo gbé Ìyá Àgbà kọ́.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ìbejì kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Tọ́lá, ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣó yín ti wá kí wa. Òkè bẹ́ẹ̀dì wa ló yọ sí."

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù! Fúláàtì kan ṣoṣo ló gé sí méjì, ó fi pákó pẹlẹbẹ dí àárín, ó kun ún ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ògiri tòótọ́, owó odindi ló sì ń gbà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Abájọ tí mo fi ń gbọ́ àdúrà Bàbá Ìbejì lóru, tí mo sì ń bá wọn ṣe àmín láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Inú bí mi, mo dìde pé mò ń lọ bá a jà, mo rántí owó ilé tó wà lọ́rùn mi, mo rọra padà jókòó.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán tí Màmá mi fi dé lọ́jọ́ Sunday. Wọn ò tilẹ̀ gba omi. Wọ́n wo aago lókè, wọ́n wo Ilé Kòkó tó fẹ̀yìn ti ògiri nílẹ̀.

"Ìyá ọkọ mi ló wà lókè, èmi ló wà nílẹ̀?"

"Màmá, ìṣó kan ṣoṣo ló wọlé..."

"Wọ́n jókòó lé mi lórí títí wọ́n fi kú. Nínú ilé ọmọ mi náà ńkọ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo sọ Ìyá Àgbà kalẹ̀, mo gbé Ilé Kòkó kọ́. Bàbá Ìbejì, tí wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti inú pákó, ló dáhùn pé kí n gbé aago náà wá, ẹnu ìṣó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbé báyìí. Wọ́n tiẹ̀ ti ra bátìrì tuntun fún wọn.

Lánàá, aago mẹ́ta ọ̀sán kù díẹ̀ kó lù, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì láti inú ògiri: "Bàbá Tọ́lá, ẹ dákun, ìyá àgbà yín ni àbí bàbá àgbà yín? Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà níbí."