Àrokò tó ń lọ sójú Màámi

Léèsì ni Màámi ń tà ní Balógun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á là gedegbe, á máa wọn yáàdì, á máa dá àwọn tó ń nájà lóhùn lọ́tùn-ún lósì. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ìpéǹpéjú òsì á ti já wálẹ̀ bo ẹyinjú. Ìka ló fi ń gbé e sókè tó bá fẹ́ ka owó. Tó bá sùn díẹ̀, á tún là.

Ìyá tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ní kó máa lo awò. Odidi ọdún kan ló fi lo awò yẹn, ọdún náà ṣì ń dùn mí.

Dókítà tó padà mọ̀ ọ́n kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó bi Màámi pé, "Mà, ṣé àárọ̀ ló máa ń dáa ju ìrọ̀lẹ́ lọ?" Ó ní kí wọ́n mú áìsì wá, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé ìpéǹpéjú náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó máa tutù. Ìṣẹ́jú méjì péré." Omi ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi wọ ọrùn bùbá rẹ̀. Nígbà tí dókítà gbé áìsì kúrò, ojú ti là. Màámi na ìka sókè bó ṣe máa ń ṣe, kò rí ìpéǹpéjú tó máa gbé.

"Àjàní," ó ní, "ta ló ṣí i?"

Myasthenia gravis lorúkọ àìsàn náà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, n kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Àwa Yorùbá ń pe nerve ní iṣan, à ń pe muscle náà ní iṣan. Kó má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ kí n pe nerve ní iṣan, kí n pe muscle ní ẹran ara. Àwọn méjèèjì kò fara kan ara wọn. Àlàfo kan wà láàárín wọn, synapse nibẹ̀. Tí ẹ bá la ìbú irun orí kan sí ọ̀nà 500, ìpín kan ṣì fẹ̀ ju àlàfo náà lọ. Iná tó ń bá iṣan bọ̀ kò lè fò ó. Ńṣe ni iṣan ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sínú rẹ̀, èyí á sọdá, á kan etí tó wà lára ẹran ara, ẹran ara á sì fà.

Àrokò gan-an nìyẹn. Àwọn baba wa á so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí. Ẹni tó bá mọ àrokò á gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, owó ẹyọ lásán ló rí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi jiyàn bóyá iná ló ń sọdá àlàfo náà àbí èròjà. Otto Loewi ní Ọ́sítíríà ròyìn pé ojú àlá lòun ti rí bí òun ṣe máa mọ̀. Ó jí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Àlá náà tún padà wá lóru ọjọ́ kejì, kò dúró kọ ọ́ mọ́, yàrá ìwádìí ló gbà lọ. Ọdún 1921 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ó ta iná sí iṣan ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ kan títí ọkàn náà fi ń rọra lù, ó wá bu omi tó yí i ká sí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Omi ló gbé àrokò. Òun àti Henry Dale, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1936.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bí synapse ṣe ń dá sílẹ̀ nínú oyún. Tí iṣan bá dé ibi ẹran ara, á tú purotéènì kan tó ń jẹ́ agrin sílẹ̀. Purotéènì méjì wà lára ẹran ara: LRP4 á gbà á, á ta MuSK lólobó, ẹran ara á wá máa kó etí jọ síwájú ẹnu iṣan gẹ́lẹ́. Iṣan ló ń kọ́ ẹran ara bó ṣe máa gbọ́ òun! Àwọn eku tí wọ́n yọ MuSK kúrò nínú àbùdá wọn kò lè mí, kété tí wọ́n bí wọn ni wọ́n kú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ọpọlọ náà: àwọn astrocyte, sẹ́ẹ̀lì tó ń ran iṣan ọpọlọ lọ́wọ́, ń tú purotéènì thrombospondin kí synapse lè pọ̀, purotéènì C1q ń sàmì sí èyí tí ara kò nílò mọ́, microglia, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbálẹ̀ ọpọlọ, á sì jẹ ẹ́ kúrò.

Iṣan Màámi ń ránṣẹ́ bó ti yẹ. Etí ni àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ń bá jà. Láàárọ̀, àrokò pọ̀, ìwọ̀nba etí tó kù ń rí i gbà. Bí a bá ṣe ń lo ojú, èyí tí iṣan ń tú á máa dín kù. Èmi tí etí mi pé kò lè mọ̀, òun á mọ̀. Èròjà kan sì wà nínú àlàfo tó ń fọ́ acetylcholine. Òtútù áìsì ló fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Pyridostigmine oní mílígíráàmù 60 tó ń lò báyìí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Kò wo àìsàn náà tán, àmọ́ ó ń jẹ́ kí àrokò pẹ́ díẹ̀ sí i.

Dókítà kìlọ̀ pé àwọn oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin àti gentamicin lè mú kí àìsàn náà le, ó lè dé ibi èémí. Ẹ̀rù bà mí, torí ní Èkó, kò sí kẹ́mísì tí ènìyàn ò ti lè ra cipro bí ẹni ra mọ́ínmọ́ín. Mo tẹ káàdì pélébé kan fún Màámi, orúkọ àìsàn lókè, àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò nísàlẹ̀, lẹ́tà ńlá. Ó ní kí n tẹ ogún. Ó pín in fún gbogbo àwọn tó pàtẹ nítòsí rẹ̀, pé tí òun bá ṣubú lọ́jà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi han dókítà. Ìyá tó ní ọwọ́ ayé ni ti lẹ tiẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù.