Wọ́n ń gbọ́ mi

Alẹ́ Sátidé. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni èmi nìkan gbé Cessna 172, bàálù kékeré kan, kúrò ní pápá kékeré kan tí kò ní táwà, ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù, ní ìwọ̀-oòrùn Houston níbí. Ibi tí mò ń lọ ò jìnnà, ṣùgbọ́n táwà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ agbègbè wọn láì kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Rédíò méjì ló wà nínú bàálù náà. Ìkejì ti bàjẹ́, wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn. Ojú ọjọ́ mọ́ gaara, òfin ò ní kí n má fò. Mo gbéra.

Nígbà tó ku máìlì 10, mo pè wọ́n. Obìnrin kan dá mi lóhùn, ó ní kí n máa bọ̀, kí n pe òun tó bá ku máìlì 3. Ohùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn lókè nìyẹn.

Mi ò tètè fura. Bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, ńṣe ni ohùn àwọn awakọ̀ máa ń kọ lu ara wọn lórí rédíò bí ariwo ọjà. Mo pè, kò sí èsì. Mo tún pè. Ohùn ara mi ni mò ń gbọ́ létí, àti ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ó ṣáà ń tẹ bọ́tìnnì náà ni, ojú mi sì ti kúrò níta. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, bàálù ti fi ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ sílẹ̀, mi ò mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kì í yé sọ ọ́: kọ́kọ́ wa ọkọ̀, kó o wá mọ ibi tó o wà, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó sọ̀rọ̀. Mo gbé imú bàálù padà sípò, mo sì ń yí po lókè oríta ọ̀nà márosẹ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa, lẹ́yìn agbègbè wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ń yẹ nǹkan wò. Fọ́lúùmù wà lókè. Mo yọ okùn ohun tí mo fi bo etí, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ìkànnì ò yí padà. Mo tan gbohùngbohùn inú ọkọ̀, kẹ́kẹ́ pa. Mo wá fa bọ́tìnnì kékeré tó máa ń jẹ́ kí rédíò hó ṣáá bí òjò lórí páànù. Kò hó. Etí rédíò ti kú nìyẹn. Bóyá ẹnu rẹ̀ ṣì yè, mi ò lè sọ.

Mo yí transponder, ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ hàn lórí rédà, sí 7600, nọ́ńbà tó ń sọ fún àwọn tó ń wo rédà pé rédíò ọkọ̀ yìí ti dákẹ́. Mo rò ó pé kí n padà síbi tí mo ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò sì sí táwà tó máa fi iná aláwọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí rédíò ti kú. Àwọn ará táwà sì ti ń retí mi.

Ni mo bá ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dárúkọ bàálù mi, ibi tí mo wà, bí mo ṣe ga tó. Mo ní mi ò gbọ́ yín, mo fẹ́ balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná sí mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mejì. Màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dàrú l'Ógbómọ̀ṣọ́: “Àjàní, mi ò gbọ́ ẹ o. Ṣùgbọ́n tó o bá ń gbọ́ mi, mo ti jẹun, ara mi le.”

Mo wọ ìlà àwọn tó fẹ́ balẹ̀, táwà wà lápá òsì mi. Oòrùn ń kọ mànà lára gíláàsì rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ iná pupa tí kò ṣẹ́jú, kí n máa yí po ni. Tí pupa bá ń ṣẹ́jú, pápá léwu, mi ò gbọ́dọ̀ balẹ̀. Mo yí sósì, mo tún wò ó. Ó wà níbẹ̀: iná aláwọ̀ ewé, ó kéré bí ojú ológbò lóru, kò ṣẹ́jú rárá. Máa bọ̀, balẹ̀. Mo mi apá bàálù sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti rí i. Omi ti lé sí mi lójú, mo ní láti nù ún kí n tó lè rí ilẹ̀ dáadáa.

Mo pe táwà lórí fóònù lẹ́yìn tí mo pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin yẹn náà ló gbé e. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ mi pátá làwọn gbọ́, àtìgbà àkọ́kọ́, pé òun ń dá mi lóhùn ní gbogbo ìgbà tí mo pè. Ó ti ní kí bàálù méjì lọ dúró níta nítorí mi. Ó béèrè bóyá ara mi le, ohùn tirẹ̀ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Mi ò rò tiwọn rí tẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ní October 21, 2009, Northwest 188, bàálù èrò kan ní Amẹ́ríkà, fò kọjá Minneapolis tó yẹ kó balẹ̀ sí, pẹ̀lú èrò 144, awakọ̀ méjèèjì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Wọ́n ti múra bàálù ogun sílẹ̀ dè wọ́n. Ta ló ń pè wọ́n ní gbogbo wákàtí yẹn, báwo ló sì ṣe rí lára rẹ̀?

Mo ti fi nọ́ńbà táwà náà sórí fóònù mi. Mi ò tún ní fi rédíò kan ṣoṣo lọ síbi tí táwà wà, òfin ì báà gbà á.

Òru ti jìn l'Ógbómọ̀ṣọ́ báyìí. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp, mo ní mo ti jẹun, ara mi le. Àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.