Ẹ Jọ̀ọ́ Mà, Ṣé Mo Lè Di Ọwọ́ Yín Mú?

Kóòtù ìbílẹ̀ ní Mápó ló tú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ká. Ìdána nìkan la ṣe láyé ọjọ́sí, a ò dé rẹ́jísìrì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé Kóòtù Gíga, níbi tí owó lọ́yà ì bá ti gbé mi mì. Nígbà tí wọ́n kan ọ̀rọ̀ owó orí, alága kóòtù bèèrè pé èló ni kí ẹbí wa dá padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Olúwa mi, ọjọ́ ìdána gan-an la ti dá a padà fún wọn. Ilé tiwa kì í ta ọmọ." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àwọn ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé eyín rẹ̀ kan ti yọ lápá òsì.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn búburú. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ìfọwọ́kanra kò sí nínú ètò. Ibi owó oúnjẹ ni ọwọ́ wa ti máa ń kan ara, nígbà tó sì yá, orí tẹlifísọ̀n ló ń gbé owó náà lé. Tí ìfẹ́ bá gbóná gan-an, á ní kí n bá òun họ ẹ̀yìn.

Ẹnjinníà wá yàtọ̀. Orí ìlà àyẹ̀wò àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì la ti pàdé, níbi tí ìjọba ti ń wò ó bóyá a ti kú tí a ò sọ fún wọn. Ó bá mi di ààyè mú nígbà tí mo lọ ra omi, mo sì fún un ní súìtì. Ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, Tíṣà. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Èmi náà á ní, "A dúpẹ́ sà." Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, "mà" àti "sà" yìí la fi ń fẹ́ra. Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní Manchester gbọ́ wa lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá ọ̀gá báńkì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí á lọ gba atẹ́gùn ní Ọgbà Àgódi. Orúnkún mi òsì ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀ láti òru. Mo bu báàmù, mo fi ra á dáadáa, èyí tí wọ́n á ṣí ní pálọ̀ tí ẹni tó wà ní kíṣíìnì á sín. Mo fọ ọwọ́ o! Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni wọ́n fi po báàmù, omi ò sì rí ọ̀rá gbé ṣe. Mo wá da lọ́fíńdà lé e lórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi báàmù yẹn pa orúnkún, kò sì sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú rí tí mo fi máa mọ̀ pé kì í kúrò lọ́wọ́.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi. Iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ni Ẹnjinníà ti fẹ̀yìn tì, ìfẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n sọ, gọ́tà ni. Ó ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, pé omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980 ló bà á jẹ́, àti pé ó di ọdún 2014 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ó ṣàlàyé bí pàǹtírí ṣe dí ojú odò yẹn pa àti bí àwọn èèyàn ṣe kọ́lé sí ọ̀nà omi, ó ń fi ìka ya gbogbo rẹ̀ sórí itan ara rẹ̀. Èmi náà sọ fún un bí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ṣe léfòó jáde ní yàrá lọ́dún náà, tí ológbò wa jókòó lé e lórí tó ń wò wá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó gbàgbé gọ́tà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "tí kò bá ní jẹ́ àrífín, ṣé mo lè di ọwọ́ yín mú?"

"Kò sí àrífín níbẹ̀ sà. Ẹ dì í mú."

Ó dì í mú. Àwa méjèèjì kọjú sí adágún, a jókòó gbagidi bí ẹni tí onífọ́tò ní kó má mira. Oòrùn mú, òógùn bo ọwọ́ wa, òógùn yẹn ló jí báàmù.

"Ọwọ́ yín mà gbóná o," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," mo ní. Èmi rò pé ìfẹ́ ni.

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ òun ti lọ, kò sẹ́ni tó di òun lọ́wọ́ mú mọ́ àfi dókítà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìka nu ojú méjèèjì.

Mo ṣì ń ro ohun tí mo máa fi dá a lóhùn nígbà tó fò sókè. "Yéè! Mo gbé o!"

Àwọn ọkọ àti ìyàwó ọ̀la kan ń ya fọ́tò nítòsí. Tọkọtaya, onífọ́tò, ọmọge tó ń bá wọn gbé báàgì, gbogbo wọn sáré dé. Ìyá kan tó mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wo ẹranko náà sáré dé.

"Mọ́mì, kí lẹ fi ṣe Dádì?"

"Ọwọ́ wọn ni!" Ẹnjinníà ké. "Ọwọ́ wọn ló ṣe é!"

"Háà! Wọ́n gbá wọn létí!"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé nínú oró yẹn, ó ṣì ń fi ọ̀wọ̀ mi wọ̀ mí. Ọmọlúàbí ni.

Ìyá náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ dárí jì wọ́n, nítorí àwọn ọmọ. Tí àgbà ọkùnrin bá sunkún ní gbangba báyìí, ó ti ronú pìwà dà nìyẹn." Onífọ́tò ní obìnrin pọ̀ tó ń lu ọkọ, pé ojú ló ń ti àwọn ọkùnrin tí wọn kì í fi í sọ. Ìyàwó ọ̀la wo ọkọ ọ̀la. Ọkọ ọ̀la sún sẹ́yìn díẹ̀.

Mo yọ áńkáṣíìfù, mo fẹ́ bá a nu ojú. Òórùn báàmù ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

"Ẹ ò rí i bí ẹ̀rù wọn ṣe ń bà wọ́n!"

Ọmọge elérù báàgì yẹn, nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ló sì fi imú gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ní kí Ẹnjinníà má ra ojú mọ́, kí wọ́n máa da omi sí i, omi púpọ̀, kó máa ṣẹ́jú. Ibi tí wọ́n ti ń já píọ̀ wọ́tà ni fóònù mi ti dún. Àbíkẹ́yìn ni, ó ń pè lórí fídíò. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀.

"Ọmọ mi, bá wa bẹ mọ́mì rẹ, wọ́n ti lu dádì rẹ."

"Dádì mi? Dádì mi wà ní Òṣogbo, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ tán ni."

Gbogbo wọn pa lọ́lọ́, àfi ọ̀bọ kan tó ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá náà dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn eruku nù lára ìró rẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi, ó wò mí láti gèlè dé bàtà.

"Ẹ kú ìgbádùn o, mà," ó ní, ó sì kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Máíkírà ló gbé wa délé, nítorí Ẹnjinníà ò lè wakọ̀. Ó jókòó níwájú, èmi jókòó lẹ́yìn, mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú báàgì.

Nígbà tó di alẹ́, ó pè. Mo ti gbà pé ìdágbére ni. Ó ní ojú òun ti là, pé ó kàn pọ́n díẹ̀ ni. Ó wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, báàmù yẹn, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yìn ríro?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sà. Kí èèyàn kàn ti rí ẹni tó máa bá a fi ra ẹ̀yìn."

"Ẹni yẹn gan-an ni mi ò ní, mà."

Mo ní kó ra ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ de Sátidé.