Ọjọ́ 30 tí ẹ ń fi ṣòfò

Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin FOI ti 2011, òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, de gbogbo ìpínlẹ̀, ẹ̀yin àbúrò ò sinmi lẹ́tà kíkọ sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe àwọn tó ṣáájú yín náà lẹ tún ń ṣe.

Àkọ́kọ́, ìwé ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè àlàyé. "Kí ló dé tí ẹ ò tíì ṣe gọ́tà àdúgbò wa?" Ìbínú nìyẹn, òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ẹ béèrè lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, BOQ rẹ̀ (ìwé tó to iṣẹ́ náà àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan), àti fáúṣà owó tí wọ́n ti san. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ ò ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Èkejì, ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti déètì sí i. Òǹtẹ̀ tí kò ní déètì, òfo ni.

Ẹ̀kẹta ló ń pani lẹ́kún. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un, bí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí fún yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, ọjọ́ 30 tí ẹ lè fi dé ilé ẹjọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń sùn sí. Ká ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni wọ́n gba lẹ́tà yín. Ọjọ́ 10 oṣù náà pé, kò sí èsì. Akọ̀wé ní, "Ọ̀gá wà ní mítìn, ẹ padà wá ní Mọ́ńdè." Ẹ padà lọ, wọ́n fún yín ní piọ́wọ́tà, wọ́n bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí. Ọ̀sẹ̀ kejì, fáìlì ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹ tún kọ ìránnilétí. Kí ojú yín tó là, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ti kọjá, ẹ wá ń bẹ adájọ́ pé kó fi ọjọ́ kún un. Ó lè gbà, ó sì lè má gbà. Ìránnilétí kì í dá ọjọ́ òfin dúró, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni piọ́wọ́tà yẹn ń ṣe.

Ẹ ó pariwo tiwa-n-tiwa lórí rédíò títí ohùn á fi há, ẹ ò wá lè sàmì sí kàlẹ́ńdà! Bí wọ́n bá máa kọ̀, kí wọ́n kọ̀ lórí ìwé, pẹ̀lú abala òfin tí wọ́n dì mú, orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó kọ̀. Ìtanràn ₦500,000 wà fún ẹni tó bá jẹ̀bi kíkọ̀ láìtọ́. Ta ló máa fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ wọn.

Owó kẹ̀? Owó ẹ̀dà nìkan, àti ti àdàkọ bó bá pọn dandan.

Ìyá eléfọ̀ọ́ tí kò mọ̀wé náà lè lọ fẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹ mú ìyá náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.